Ojú Tutu lára ògiri: kí ni ẹ ń rà gan-an bí ẹ bá ra àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà?

Nǹkan mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ ilé tí mo gbé dàgbà: fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, kàlẹ́ńdà ìjọ, àti obìnrin kan tó wé gèlè, tó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn, tí kò sì kánjú àtidáhùn. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn àǹtí wa ni. Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi dé ilé wọn, tí mo bá obìnrin yìí kan náà lókè tẹlifíṣọ̀n wọn, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí wa. Bó bá sì jẹ́ ẹbí, a jẹ́ pé ẹbí gbogbo àdúgbò ni.

Adétutù Adémilúyì ni orúkọ rẹ̀, Tutu ní kúkúrú, ọmọ ọba ní Ilé-Ifẹ̀. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ló rí i lọ́nà ní 1973, tó ní òun gbọ́dọ̀ ya ọmọ yìí. Ó gba àrọwà kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbà. Ogun abẹ́lé kò tíì pé ọdún mẹ́rin tó parí, ọmọ Igbo ló mú búrọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìdílé Ọọ̀ni ló jókòó fún un. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ka àwòrán náà sí àmì ìlàjà. Ìgbà mẹ́ta ni Enwonwu yà á. Àkọ́kọ́ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1994, àsìkò ikú rẹ̀ náà ni wọ́n sì jí i lọ. Àwọn méjì yòókù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí.

Ní ìparí 2017, ọ̀gá kan láti Bonhams, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gbàǹjo iṣẹ́ ọnà ní London, wọ fúláàtì ìdílé kan ní àríwá ìlú náà láti wá wo àwòrán tí wọ́n jogún. Tutu ti 1974 ló bá níbẹ̀. Àwọn onílé kò mọ iye tí ohun tí wọ́n gbé kọ́ ògiri tó. Iye tí Bonhams fojú dá fún un ni 200,000 sí 300,000 pọ́ùn. Nígbà tí wọ́n lu gbàǹjo ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2018, 1,205,000 pọ́ùn ló lọ.

Ẹ wá rò ó wò. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, ìwọ̀nba èèyàn ló fojú kan èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó láàárín àkókò yẹn, yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Níbo ló ti mọ̀ ọ́n? Orí bébà. Láti àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń tẹ ojú Tutu jáde, tí àwọn èèyàn ń rà á, tí wọ́n ń fi fírémù sí i, tí wọ́n ń gbé e kọ́. Ọ̀dà tí Enwonwu fọwọ́ ara rẹ̀ kùn wà nínú òkùnkùn. Bébà ló bá wa tọ́jú ojú ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá ẹni tó ń yọ ṣùtì sí àwòrán àtẹ̀ lọ́wọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Tate Modern ní London ṣí àfihàn ńlá kan lórí àwọn ayàwòrán Nàìjíríà ayé Enwonwu àti ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ̀ láti máa ṣe àwòkọ Òyìnbó lásán, tí wọ́n sì kọ̀ láti dúró sójú kan. Orúkọ wọn wá ń ta ọjà. Ẹni tí kò lè ra àwòrán olówó gọbọi ń wá èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n ti fi fírémù dáradára sí, kí ó lè máa rí i nílé tirẹ̀. Ohun tó dáa ni. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun méjì tí kò bára wọn tan ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní "pírìǹtì", owó ọ̀kan sì ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká ya Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, nítorí àwọn aláàdìrẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ onípáànù, wọ́n á gé bátànì sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gba ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wọ̀, aró kò ní mú un. Páànù kan lè ṣe ogún aṣọ, ogójì aṣọ. Kò sí oníbàárà tó máa dúró níbẹ̀ kí ó béèrè pé èwo ni ojúlówó, èwo ni àfarawé, torí gbogbo wọn ni ojúlówó: kò sí aṣọ kan níbì kan tí wọ́n ń wò kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ya fọ́tò àdìrẹ náà, tí ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ fọ́tò yẹn sórí pólísítà, ìyẹn kì í ṣe àdìrẹ mọ́. Aṣọ ni, ó sì lè rẹwà, àmọ́ àwòrán àdìrẹ ló wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bébà. Irú kan wà tó jẹ́ pé látorí páànù, pátákó tàbí òkúta ni ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orí bébà ni yóò parí sí. Mo máa pe ìyẹn ní ojúlówó àtẹ̀. Irú kejì ni ẹ̀dà: ayàwòrán ti fi ọ̀dà parí iṣẹ́ rẹ̀ sórí kanfáàsì, ẹlòmíràn wá ya fọ́tò rẹ̀, ó tẹ fọ́tò náà. Tutu tó wà ní pálọ̀ wa, ẹ̀dà ni.

Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor ní 1932, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ojúlówó àtẹ̀. Ó máa ń fi ásíìdì jẹ ojú páànù síńkì títí bátànì yóò fi jìn wọlé. Yóò fi íńkì kún inú àwọn ihò náà, yóò nu òkè rẹ̀ mọ́, yóò tẹ́ bébà tó tutù díẹ̀ lé e, yóò sì tì í gba abẹ́ ẹ̀rọ tó wúwo. Ní 1967, ásíìdì ba páànù rẹ̀ kan jẹ́, ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe tún un ṣe ló ti bọ́ sórí ọ̀nà àrà tó padà sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan etí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa mọ ibi tí páànù ti tẹ bébà wọlé, ẹ sì máa mọ bí íńkì ṣe yọrí sókè díẹ̀ bí ilà ojú tó ti jinná. Fọ́tò kò lè ní ìyẹn.

Ní Paris náà, ọgbọ́n aláàdìrẹ ni wọ́n fi tẹ *Jazz*, ìwé ayàwòrán Henri Matisse tó jáde ní 1947. Matisse ti ń ṣàìsàn, kò lè dúró pẹ́ nídìí kanfáàsì, ló bá mú sáàsì, ó ń gé bébà tí wọ́n ti kùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Tériade, olùtẹ̀jáde ìwé náà, wá gé bátànì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fọwọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gba ojú ihò rẹ̀, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, irú ọ̀dà tí Matisse fi kun bébà tirẹ̀ náà ni wọ́n lò. Ìwé 250 ni wọ́n ṣe, àti 100 àpò àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ewé kan láti inú wọn, ojúlówó àtẹ̀ ni. Pósítà *Jazz* tí ẹ ń rí ní ilé ìtura àti ilé oúnjẹ káàkiri ayé, ẹ̀dà ni. Àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà, ìyàtọ̀ owó wọn sì jìnnà bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe máa fojú ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n? Ẹ yá awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú. Ẹ sún mọ́ bébà náà. Bó bá jẹ́ pósítà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tutu tó dán bí epo yẹn kì í ṣe àwọ̀ kan rárá: tóótòòtó kéékèèké ni, búlúù, yẹ́lò, dúdú, àti pupa kan tó dà bí omi sóbò, tí wọ́n tò yípo bí òdòdó tín-tìn-tín. Àwọ̀ mẹ́rin yìí ni ẹ̀rọ náà fi ń tan ojú wa. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú íńkì jáde látara kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní rí òdòdó yẹn. Ẹ máa rí nǹkan bí ìyẹ̀fun tí atẹ́gùn fẹ́ sórí bébà, tí kò ní ètò. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ orí páànù, ìlà tó kún ni ẹ máa rí, kò ní sí tóótòòtó kankan.

Irú èyí tó ń tú íńkì yẹn ni wọ́n ń tà lówó ńlá jù báyìí, lábẹ́ orúkọ Faransé kan, giclée. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ní 1991 ni Jack Duganne, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Graham Nash olórin ní Califọ́níà, wá orúkọ tí kò ní jọ ti ẹ̀rọ ọ́fíìsì, ó sì mú un láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí kí nǹkan tú jáde. Ẹ̀dà ni giclée. Àmọ́ ẹ̀dà tó dáa lè jẹ́ ohun àrímáleèlọ. Pósítà ní íńkì mẹ́rin. Ẹ̀rọ tuntun lè ní mẹ́wàá tàbí méjìlá, nítorí náà ó lè dé ibi tí pósítà kò lè dé. Ẹ wo àwòrán Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tó kú ní 2021, tí búlúù rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀keje. Íńkì mẹ́rin kì í lè mú irú búlúù bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń ṣú, tí yóò dà bí aṣọ tí wọ́n fi ọṣẹ burúkú fọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà kò ju pé irú íńkì wo, irú bébà wo. Íńkì kan wà tó máa ń yòrò bí ṣúgà nínú omi. Oòrùn kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán. Òmíràn jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, bí osùn tí wọ́n lọ̀ kúnná, ìyẹn ló máa ń pẹ́. Bébà tí wọ́n fi òwú ṣe, tí kò ní ásíìdì nínú, kì í pọ́n. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe láìwẹ ásíìdì rẹ̀ kúrò á pọ́n bí ìwé ìròyìn tí wọ́n gbàgbé sójú fèrèsé. Ọlọ́jà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ń sọ pé "original quality ni, ẹ má ṣèyọnu," ẹ ṣèyọnu.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ìsàlẹ̀ ńkọ́, bíi 12/75? Lórí ojúlówó àtẹ̀, ó ń sọ pé 75 ni gbogbo rẹ̀, ìkejìlá nìyí, kò sì túmọ̀ sí pé ìkíní dára ju ìkejìlá lọ. Lórí ẹ̀dà, ìlérí ẹnu ọlọ́jà lásán ni. Kò sí páànù tí yóò gbó, fáìlì náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìbuwọ́lùwé pàápàá kò tó láti gbọ́kàn lé. Ní 1974, àwọn aṣọ́bodè Faransé dá ọkọ̀ kan dúró ní ẹnubodè Andorra, wọ́n sì bá 40,000 bébà nínú rẹ̀ tí ayàwòrán Salvador Dalí ti buwọ́ lù. Kò sí àwòrán kankan lórí wọn. Òfìfo ni gbogbo wọn, ó ku kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ohunkóhun tó bá wù ú sórí wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ayàwòrán kì í di ti gbogbo ayé títí 70 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tó kú. Enwonwu kú ní 1994, nítorí náà títí 2064 yóò fi parí, ẹni tó bá fẹ́ tẹ Tutu fún títà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn ò gbà á. Ẹ bi wọ́n. Ní ti àwọn ayàwòrán Yúróòpù bíi Kandinsky àti Mondrian, tí wọ́n kú ní 1944, ọjọ́ ti kọjá níbi tí 70 ọdún ti ń ṣiṣẹ́. Ti Matisse náà kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ní ìṣirò tirẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ lè gba fáìlì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ilé àkójọpọ̀ ńlá kan kí ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Kìkì pé fáìlì náà gbọ́dọ̀ tóbi: fún bébà tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó yẹ kó ní nǹkan bí 7,000 píkísẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í sábà tó ìyẹn.

Ó wá ku fírémù, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, torí owó tí èèyàn rò pé òun dá sí níbẹ̀ ló máa ń pa àwòrán náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ Tutu wa kalẹ̀ kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ṣe fírémù ní Mókọ́lá, ní Ìbàdàn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ igi rẹ̀ ni. Ojú fèrèsé ló ti wà láti kékeré mi, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ti jẹ pupa àti yẹ́lò inú rẹ̀ tán. Búlúù ló kù, bí ẹni tí òtútù mú. Bàbá dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n yọ ìṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí pláíwúùdù ẹ̀yìn. Bí igi pláíwúùdù yẹn ṣe fà látòkè délẹ̀ náà ni ilà pípọ́n ṣe fà lẹ́yìn bébà, bí ẹni fi ayọ́nù jó o. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti di yẹ́lò, ó ti gbẹ, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti mu wọ inú bébà. Ikán ti gba igun ìsàlẹ̀ kan wọlé.

Mo na ọwọ́ láti yọ bébà náà kúrò lára gíláàsì. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Dúró, ọmọ mi. Wò ó dáadáa kí o tó fà á."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, bàbá?"

"Ó ti lẹ̀. Ọ̀rinrin ti so òun àti gíláàsì pọ̀. Bí o bá fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa bá gíláàsì lọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó ṣe fírémù náà láyé ọjọ́un ti tẹ bébà mọ́ gíláàsì láìfi àlàfo sílẹ̀. Nílẹ̀ wa tí òjò ń rọ̀ fún oṣù méje, omi máa ń làágùn sínú gíláàsì bó ṣe ń là á sára ìgò mínírà. Bí bébà bá kàn án, yóò bu, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá fi bí ó ṣe yẹ kó rí hàn mí lára iṣẹ́ ẹlòmíràn tó wà nílẹ̀: páálí tó nípọn tí wọ́n gé ihò sí láàárín ló máa ń la bébà àti gíláàsì, kí afẹ́fẹ́ lè wà. Wọ́n ní páálí iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kò ní ásíìdì, pláíwúùdù kò gbọ́dọ̀ kan bébà láé. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹ̀yìn bébà mọ́ páálí. Òkè nìkan ni wọ́n ń so rọ̀, pẹ̀lú ìrépé bébà fẹ́lẹ́ àti àtè tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, èyí tí omi lè tú bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n tún máa ń lẹ ìṣù rọ́bà kékeré mọ́ igun méjì ìsàlẹ̀ lẹ́yìn fírémù, kí ó má baà sùn mọ́ ògiri, pàápàá ògiri tí òjò ń lù níta.

Gíláàsì kan wà tó ń dá ìtànṣán tó ń jẹ àwọ̀ padà. Ó wọ́n, bàbá kì í sábà rí i rà. "Bí o kò bá lówó rẹ̀," ni wọ́n wí, "gbé e kúrò lójú oòrùn, ọ̀fẹ́ nìyẹn." Ilé àkójọpọ̀ gan-an kì í jẹ́ kí iná tó ń tàn sórí iṣẹ́ orí bébà ju 50 lux lọ, èyí tó rọra mọ́lẹ̀ bíi yàrá tí wọ́n fa kọ́tìnnì rẹ̀ dé. Nítorí gbogbo èyí, bí ẹ bá ń ra àwòrán láti òkèèrè, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra bébà nìkan, tí wọ́n ká sínú páìpù páálí, kí ẹ fi owó gíláàsì tí ì bá fọ́ lójú ọ̀nà wá onífírémù tó mọṣẹ́ nítòsí yín. Kí ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe é.

Ní ti Tutu wa, bàbá kọ̀ láti ya á. Wọ́n gbọn ikán kúrò, wọ́n fi páálí tuntun dí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì dá bébà àti gíláàsì rẹ̀ àtijọ́ padà sínú igi tuntun papọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo bi wọ́n pé eélòó ni. Wọ́n ní kí n san owó igi nìkan. Ìyàwó àwọn náà ní ọ̀kan nígbà kan rí, omíyalé ọdún 2011 ló gbé e lọ. Mo gbé e délé, mo kọ́ ọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Láàárọ̀, bí mo bá ń kọjá lọ sí kíṣìnnì, ó ṣì máa ń yí ọrùn sí mi bí ẹni tí wọ́n pè.